Acropolis ní Áténì: àyẹ̀wò fún ẹni tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń to òkúta

Yúrò 30 ni tíkẹ́ẹ̀tì Acropolis láti oṣù kẹrin ọdún 2025. Owó gidi ni, pàápàá fún orí àpáta tí kò ní òrùlé, tí ibòji ò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé fọ́tò nìkan ló ń wá, kó gun òkè Filopappou tó wà ní òdìkejì. Ọ̀fẹ́ ni, Parthenon, tẹ́ńpìlì ńlá orí àpáta náà, á sì hàn sí i kedere láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ṣe to òkúta lé òkúta láìfi amọ̀ tàbí símẹ́ńtì sí àárín wọn, tí ilé náà sì lo ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ kí ẹ̀tù ìbọn tó fọ́ ọ, kó san owó náà, kò ní kábàámọ̀. A fún ibẹ̀ ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ibẹ̀ han èèyàn ló jẹ́ kí ìràwọ̀ kan bọ́ lọ, a ó sì dé ibẹ̀. Iṣẹ́ òkúta náà fúnra rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé kò gùn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ìjọba ti fi iye èèyàn tó lè wọlé lójúmọ́ sí 20,000, wákàtí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín ni wọ́n sì máa fi gbà yín wọlé, nítorí náà ẹ rà á sílẹ̀ lórí ìkànnì ìjọba. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà ni kí ẹ wọ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn ti dán àpáta náà débi pé ó ń yọ̀ nígbà tí òjò kò tilẹ̀ rọ̀. Wọn kò gba bàtà onígìgísẹ̀ gogoro láyè, láti ọdún 2009 ni wọ́n ti fòfin dè é nítorí ó ń ba òkúta jẹ́. Nígbà ooru, bí oòrùn bá ti le kọjá ààlà, wọ́n máa ń ti ibẹ̀ pa láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ti ṣe ní oṣù keje ọdún 2023. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá láǹfààní láti yan wákàtí, ẹ yan ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kan òkúta, gbogbo ojú ṣísẹ́lì á sì yọ síta. Lọ́sàn-án gangan, ògiri kan náà á dà bíi pé kò sí nǹkankan lára rẹ̀.

Kí ẹ tó dé Parthenon, ẹ ó gba Propylaia kọjá. Ẹnu ọ̀nà ńlá ni, Mnesikles ló ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 437 ṣáájú Kírísítì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì dá iṣẹ́ dúró ní 432 láìparí, nígbà tí ogun Áténì àti Sparta ti ń rú bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n lè tètè dé Parthenon. Ẹ má bá wọn sáré. Ibi tí iṣẹ́ kò parí sí ni agbẹ́kùúta ti fi ọwọ́ rẹ̀ hàn jù, torí pé gbogbo àmì tí ó yẹ kó pa rẹ́ ló kù síbẹ̀.

Ẹ wo ara ògiri rẹ̀ lóde. Kókó òkúta yọ síta lára àwọn búlọ́ọ̀kù kan. Wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn; ara òkúta kan náà ni, wọ́n gbẹ́ ìyókù wọlé, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Òun ni wọ́n ń fi okùn kọ́ bí wọ́n bá ń gbé búlọ́ọ̀kù sókè, tàbí tí wọ́n ń ti ọ̀pá bọ abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè ṣún un sí ààyè. Ó yẹ kí wọ́n gé e kúrò nígbà ìparí. Yàtọ̀ sí kókó yìí, ojú búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ ṣì ní ìpele tín-ín-rín kan tí wọn kò tíì gé kúrò, àyàfi létí níbi tí búlọ́ọ̀kù méjì ti pàdé. Ètí yẹn ni wọ́n gé dé ibi tí ojú ògiri yóò wà gan-an, kí ó lè jẹ́ atọ́nà fún ẹni tó máa wá parí rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ rọrùn: òkúta mábù tí wọ́n bá ti dán tán nílẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé e gòkè tí ètí rẹ̀ kò ní bu. Okùn á fá a, ọ̀pá á gún un, búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kọ lù ú. Nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ to ilé tán, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán an láti òkè wá sísàlẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n á máa tú igi tí wọ́n gùn. Ní Parthenon, wọ́n parí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí Parthenon ṣe rí ní oṣù díẹ̀ kí iṣẹ́ ìparí tó bẹ̀rẹ̀, kó wo ògiri Propylaia.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹnjiníà dúró wò. Òkúta mábù lágbára gan-an bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ́ ẹ gbọọrọ lé orí òpó méjì, tí ẹrù wá bọ́ sí àárín rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa fà ya. Òkè àjà Propylaia ní ìtì mábù tí gígùn rẹ̀ ju mítà 6 lọ, àwọn kan nínú wọn sì bọ́ sí àárín àtẹ́rígbà tó wà lórí àwọn òpó inú. Mnesikles gbẹ́ kòtò gbọọrọ sórí àtẹ́rígbà náà, ó tẹ́ irin sínú rẹ̀, ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ irin kí ó lè tẹ̀ láìkan òkúta. Irin náà ló ń gbé ẹrù lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí òpó wà. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì àti ọgọ́rùn-ún mẹ́rin lọ tí ó ti ro èyí.

Ní ti Parthenon, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òkúta rẹ̀ ti wá. Òkè Penteli ni, ó tó kìlómítà 16 sí àríwá-ìlà-oòrùn Áténì. Wọ́n á gbẹ́ kòtò yí búlọ́ọ̀kù ká, wọ́n á wá fi ẹ̀là irin gbá a títí yóò fi ya kúrò lára àpáta. Orí pákó ìfàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí láti sọ ọ́ kalẹ̀ lára òkè, wọ́n á fi okùn dì í mú kó má bàa já lọ, kí kẹ̀kẹ́ màlúù tó gbà á dé ìlú. Ní kúárì ni wọ́n ti ń gé e sí ìwọ̀n tó súnmọ́ èyí tí wọ́n fẹ́, torí kò sí ẹni tó fẹ́ fi màlúù fa òkúta tí wọ́n máa gé dànù. Abẹ́ Parthenon kì í ṣe mábù. Òkúta ẹfun tó wá láti agbègbè Piraeus, èbúté Áténì, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ti tẹ́ńpìlì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn ará Páṣíà ba jẹ́ ní ọdún 480 ṣáájú Kírísítì kí wọ́n tó kọ́ ọ parí. Ìtì òpó tẹ́ńpìlì àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lára ògiri àríwá Acropolis. Bí ẹ bá dúró sí Agora, ọjà àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀, ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí wọn ní ìlà kan, roboto, tí wọ́n tò wọ́n sínú ògiri.

Iktinos àti Kallikrates ló darí kíkọ́ Parthenon tuntun láti 447 sí 438 ṣáájú Kírísítì, Pheidias ló sì bójú tó iṣẹ́ ère, tí àwọn tó gbẹ̀yìn parí ní 432. Orí ìpele tí òpó dúró lé gùn tó mítà 69.5, ó sì fẹ̀ tó mítà 30.9. Òpó 46 ló yí i ká lóde: 8 níwájú, 8 lẹ́yìn, 17 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá ka òpó igun lẹ́ẹ̀mejì. Gíga òpó kan jẹ́ mítà 10.43, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó mítà 1.9.

Òpó kan kì í ṣe òkúta kan. Ìtì roboto mẹ́wàá sí méjìlá ni, wọ́n to wọ́n léra. Iṣẹ́ tó wà láàárín ìtì méjì ni a fẹ́ràn jù nínú gbogbo ilé náà. Ní àárín ojú ìtì kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin, wọ́n ki pákó igi sáípírẹ́sì bọ̀ ọ́, wọ́n wá lu ihò sáàárín pákó náà fún ọ̀pá igi róbótó kan. Ọ̀pá yìí ló ń jẹ́ kí àárín ìtì òkè ṣe déédéé pẹ̀lú àárín ti ìsàlẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń tún ilé náà ṣe lóde òní gbé àwọn ìtì kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá igi náà nínú ihò rẹ̀, kò jẹrà. Ojú òkúta méjèèjì ti pàdé débi pé afẹ́fẹ́ àti omi kò ráyè wọlé fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ó lé.

Báwo ni wọ́n ṣe rí ojú òkúta tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe gbogbo ojú ló ń kan ara wọn. Àgbègbè etí, tó yí ìtì náà ká, ni wọ́n ń tẹ́ dáadáa; àárín, wọ́n á gbẹ́ ẹ wọlé díẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ ní gbágungbàgun. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ àwọn búlọ́ọ̀kù ògiri. Ó dín iṣẹ́ kù, torí ibi tí wọ́n máa tẹ́ kò pọ̀ mọ́, ó sì jẹ́ kí ibi tí ojú ń rí pàdé pátápátá. Láti dán ètí yìí wò, wọ́n ní pátákó òkúta kan tó tẹ́jú gan-an, wọ́n á fi erùpẹ̀ pupa pa á bí ẹni fi osùn para, wọ́n á wá gbé e lé ojú òkúta tí wọ́n ń ṣe. Ibi tó bá ga á pọ́n. Wọ́n á fi ṣísẹ́lì há ibi tó pọ́n náà, wọ́n á tún gbé pátákó lé e, títí gbogbo ètí á fi pọ́n yíká. Kò sí ọ̀nà àbùjá nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ibì kan sílẹ̀ tó ga ju ìyókù lọ, gbogbo ìwúwo òpó á rọ́ sórí ibẹ̀, ètí òkúta á sì ya.

Àwọn ìlà gbígbẹ́ 20 tó wà lára òpó náà ní ètò tiwọn. Kí wọ́n tó to òpó, ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ní ìsàlẹ̀ ìtì àkọ́kọ́ àti ìparí rẹ̀ lọ́rùn òkúta orí òpó ni wọ́n máa ń gbẹ́. Ìyókù dúró di ìgbà tí òpó bá dúró tán, kí wọ́n tó wá so ìlà òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ètí tó wà láàárín ìlà méjì mú bí ọ̀bẹ, ìkọlù kékeré kan tó láti bu ú. Ìdí mìíràn ni pé bí wọ́n bá gbẹ́ ìtì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò dájú pé ìlà wọn á bára mu nígbà tí wọ́n bá tò wọ́n.

Ní ti ògiri àti àtẹ́rígbà, irin ló dì wọ́n mú. Búlọ́ọ̀kù tuntun á dé, wọ́n á ti ọ̀pá irin bọ ihò kékeré tí wọ́n gbẹ́ sórí ìpele ìsàlẹ̀, wọ́n á fi ṣún un títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi irin tó rí bíi lẹ́tà H so òun àti ẹnìkejì rẹ̀ pọ̀ láti òkè, wọ́n á tún fi irin pẹlẹbẹ tó dúró lóòró dè é mọ́ ìpele ìsàlẹ̀. Wọ́n á wá yọ́ òjé, wọ́n á dà á sínú ihò náà kó bo irin yíká. Òjé yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Kò jẹ́ kí omi dé ara irin, torí náà irin ò dípẹtà. Òjé sì rọ̀, bí ilẹ̀ bá mì, ó máa ń gba díẹ̀ nínú ipá náà kó tó kan mábù. Àtẹ́rígbà tó wà lórí òpó kì í ṣe òkúta kan ṣoṣo bí ó ṣe rí lójú. Òkúta mẹ́ta ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìyẹn mú kí ó rọrùn láti gbé, bí ọ̀kan bá sì ya, méjì á ṣì di ẹrù mú.

A wá dé orí ọ̀rọ̀ tí gbogbo atọ́nà máa ń sọ, pé kò sí ìlà tó tọ́ ní Parthenon. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwọ̀n rẹ̀ dání. Ilẹ̀ tẹ́ńpìlì náà ga ní àárín ju igun lọ: ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ga níwájú àti lẹ́yìn, ó sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 11 ga ní ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì. Àwọn òpó fì sínú ní bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Àárín òpó wú díẹ̀, kò tó sẹ̀ǹtímítà 2. Òpó igun fi bíi sẹ̀ǹtímítà 4 nípọn ju ìyókù lọ. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún agbẹ́kùúta. Ilẹ̀ tẹ̀, òpó sì fì, nítorí náà ìtì àkọ́kọ́ nínú òpó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ga ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Títẹ̀ ilẹ̀ náà bá ilé gòkè dé orí àtẹ́rígbà, torí náà igun búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn kò dọ́gba gẹ́lẹ́. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ fún ààyè kan, ààyè yẹn nìkan ló bá mu. Vitruvius, ayàwòrán-ilé ará Róòmù, kọ ọ́ pé bí wọ́n bá tẹ́ ilẹ̀ tẹ́ńpìlì gbọrọgidi, yóò dà bíi pé àárín rẹ̀ rì. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ tí kò nílò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀: omi òjò kò lè dúró lórí rẹ̀.

Láti fi ojú ara yín rí i, ẹ lọ sí igun kan, níbi tí okùn ààlà bá gbà yín dé, ẹ lóṣòó kí ojú yín bá ètí ìpele òkè mu, ẹ wá wo ọ̀nà igun kejì. Àárín á dìde sókè bí ẹ ti ń wò ó. Bí ẹ bá dúró nàró, ẹ ò ní rí i.

Ẹ tún wo àyè tó wà láàárín òpó igun àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 60 dín sí àyè àárín àwọn òpó yòókù. Òfin kíkọ́lé wọn ló fà á: òkúta onílà mẹ́ta tó wà lókè àtẹ́rígbà gbọ́dọ̀ bọ́ sí góńgó igun, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kí òkúta kan náà bọ́ sí àárín gbùngbùn òpó. Méjèèjì kò lè ṣeé ṣe pọ̀ ní igun. Ni wọ́n bá ti òpó igun wọlé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwọ̀n wúrà kan tó jẹ́ 1.618 ló darí ilé náà. Ìwọ̀n tó hàn níbẹ̀ ni 4 sí 9: fífẹ̀ sí gígùn ilẹ̀ tẹ́ńpìlì, gíga sí fífẹ̀ iwájú rẹ̀, àti fífẹ̀ ìsàlẹ̀ òpó sí àyè láti àárín òpó kan dé àárín èkejì.

Ohun tó ba ilé náà jẹ́ kì í ṣe ọjọ́ orí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1687, ọmọ ogun Vẹ́nísì lábẹ́ Morosini ń ju àdó olóró sí Acropolis, àwọn Tọ́kì sì ti kó ẹ̀tù ìbọn pamọ́ sínú Parthenon. Ó bú gbàmù, àárín ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì sì wó lulẹ̀. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1894, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Nikolaos Balanos bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ní 1898, ó sì ń bá a lọ títí di 1933. Ó tún ọ̀pọ̀ òpó gbé dúró, ó yẹ ká yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n irin tó fi so òkúta pọ̀ kò ní òjé lára. Omi wọlé, irin dípẹtà, ìpẹtà sì máa ń gba àyè ju irin fúnra rẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti mábù láti inú títí mábù fi ń ya. Irin àtijọ́ tí òjé bò dúró láìyọnu. Èyí tí wọ́n fi sí i ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ló fọ́ òkúta. Balanos tún to òkúta mìíràn sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ a sì ti sọ pé kò sí òkúta méjì tó lè gba ààyè ara wọn.

Ní 1975 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé Acropolis sílẹ̀. Manolis Korres, ayàwòrán-ilé, wà lára àwọn tó ka ilé náà ní òkúta kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé yẹ kí gbogbo bíríkìlà mọ̀. Wọ́n á tú ibi tí Balanos ṣe, wọ́n á yọ irin tó dípẹtà, wọ́n á wá àfọ́kù tó bá ara mu láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà nílẹ̀. Ibi tó ṣófo, wọ́n á fi mábù tuntun láti òkè Penteli kan náà dí i. Àfọ́kù àtijọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gé kó lè bá tuntun mu; tuntun ni wọ́n ń gbẹ́ kó lè wọ ojú ibi tó fọ́ náà. Wọ́n á lu ihò, wọ́n á ti ọ̀pá titanium bọ̀ ọ́ pẹ̀lú símẹ́ńtì funfun. Titanium kì í dípẹtà, bí ooru bá sì mú un, kì í fẹ̀ ju bó ṣe yẹ fún mábù lọ. Wọ́n tún ṣírò nípọn rẹ̀ kí ó lè jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mì gan-an, titanium ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀, kì í ṣe òkúta. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí òkúta funfun báláú láàárín èyí tó ti pọ́n bí oyin. Àwọn kan ń ráhùn pé kò bára mu. Èrò tiwa ni pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí: ẹ lè mọ èyí tí Pheidias rí àti èyí tí kò rí. Irin díẹ̀ tó wà nínú mábù Penteli ló ń sọ àwọ̀ rẹ̀ di ti oyin, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, tuntun náà á bá wọn dé ibẹ̀.

Erechtheion, tẹ́ńpìlì mìíràn, wà ní àríwá Parthenon, wọ́n kọ́ ọ láàárín 421 sí 406 ṣáájú Kírísítì. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú, apá kan fi bíi mítà 3 ga ju apá kejì lọ, wọn kò sì gé àpáta náà kúrò nítorí ibi mímọ́ ni. Ilé náà ló tẹ̀ lé ilẹ̀. Ẹ wo ìlà òkúta dúdú tó yí i ká lókè: òkúta láti Eleusis, ìlú kan nítòsí Áténì, ni, ère mábù funfun ni wọ́n fi irin kàn mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ ìnáwó ilé yìí ṣì wà, lára òkúta ni wọ́n kọ ọ́ sí, a sì rí i nínú rẹ̀ pé ọmọ ìlú, àlejò àti ẹrú jọ ń gbẹ́ ìlà òpó kan náà, àti pé dírákímà kan ni owó iṣẹ́ ojúmọ́ wọn.

Ìràwọ̀ tó bọ́ ńkọ́? Okùn ààlà jìnnà sí òkúta ní ibi púpọ̀, kò sì sí ẹni tó lè wọ inú Parthenon. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ṣàlàyé sókè yìí, ojú ìtì, ihò irin, òjé, kò sí ibi tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ lórí àpáta náà kí èèyàn lè tẹ̀ síwájú wò ó dáadáa. Ọ̀nà símẹ́ńtì tí wọ́n dà ní 2020 sí 2021 mú kí ó rọrùn fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera láti rìn, ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ó bo púpọ̀ nínú ojú àpáta tí àwọn kọ́lékọ́lé àtijọ́ gbẹ́ mọ́lẹ̀. Bákan náà, mùsíọ́mù kò sí nínú Yúrò 30 náà; owó ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ san owó ọ̀tọ̀ náà. Mùsíọ́mù Acropolis ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2009, Bernard Tschumi ló ya á. Wọ́n yí gbọ̀ngàn òkè rẹ̀ síhà ibi tí Parthenon kọjú sí gan-an, wọ́n sì to òkúta onígbẹ́ tó yí tẹ́ńpìlì náà ká, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 160, sí iwájú ojú yín, kì í ṣe lókè réré bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó funfun jù ni àwòṣe àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àjà àkọ́kọ́, ẹ yí ẹ̀yìn àwọn ère obìnrin márùn-ún tó jẹ́ òpó Erechtheion wò. Èéfín àti òjò olóró ìlú ló mú kí wọ́n kó wọn wọlé ní 1979, àwòṣe ló wà níta báyìí. Ọrùn ni ibi tó tín-ín-rín jù lára òpó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kó ṣẹ́. Irun dídì tó nípọn tí agbẹ́kùúta fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọrùn kì í ṣe ẹwà nìkan, òun ló fún ọrùn ní agbára láti gbé òrùlé.

Láti rí inú òpó, tẹ́ńpìlì Zeus Olympios ni kí ẹ lọ, kò jìnnà, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín. Òpó 15 ló ṣì dúró níbẹ̀. Ọ̀kan wó nígbà ìjì ní 1852, ìtì rẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé bó ṣe ṣubú. Ìgbà Hadrian, ọba Róòmù, ni wọ́n parí tẹ́ńpìlì yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tó ti Parthenon, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ojú ìtì ti hàn síta gbangba.

Ẹni tí ìrìn àjò rẹ̀ bá gba Sicily kọjá, tẹ́ńpìlì Segesta ní òpó 36 tí wọn kò gbẹ́ ìlà kankan sí lára, kókó ìgbé òkúta sì kún ara àtẹ̀gùn rẹ̀. Ní Cave di Cusa, kúárì ìlú Selinunte, ìtì òpó ṣì so mọ́ àpáta, kòtò yí wọn ká, bí wọ́n ṣe fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tí Carthage ṣẹ́gun ìlú náà ní 409 ṣáájú Kírísítì. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀fẹ́ ni British Museum, ère obìnrin kẹfà Erechtheion wà níbẹ̀, pẹ̀lú orí òpó Parthenon kan tí ẹ lè súnmọ́ ju èyíkéyìí ní Áténì lọ. Àwòṣe Parthenon tó wà ní Nashville ní Amẹ́ríkà, kọnkéré ni, wọ́n parí rẹ̀ ní 1931. Ó dára láti mọ bí ilé náà ṣe tóbi tó nígbà tó pé, ṣùgbọ́n kò ní ìsopọ̀ òkúta kankan tí ẹ lè kọ́ nǹkan lára rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní ní Áténì, ẹ lọ sí Zeus Olympios ní kùtùkùtù kí oòrùn tó le, ẹ wọ mùsíọ́mù ní ọ̀sán níbi tí atẹ́gùn ti tutù, kí ẹ sì gba tíkẹ́ẹ̀tì Acropolis fún wákàtí méjì tó kẹ́yìn kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ẹ wo wákàtí ìtìlẹ̀kùn dáadáa kí ẹ tó sanwó, ó ń yàtọ̀ láti ìgbà ooru sí ìgbà òtútù, wọn kì í sì gba èèyàn wọlé mọ́ bó bá ti ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.